Ùwé Ni Ẹ Ń Bèèrè, Omi Ni Mo Gbé Wá

Bàbá mi, ẹni tí í fi pẹ́ńsùlù kọ ohun gbogbo nítorí àtúnṣe,

Mo kí yín o. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ohun tó bá ti dájú nìkan là á fi bíírò kọ. Bíírò ni mo mú jókòó lónìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kì í tètè yá mi lẹ́nu.

Ilé yìí dákẹ́ jù. Èmi nìkan lẹ bí, èmi náà bí ẹyọ kan, ọmọ ọmọ yín sì ti di ará òkè òkun tó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Yàrá mẹ́rin ni mo kọ́ sí Dàda Estate l'Óṣogbo yìí, tí mò ń kígbe nígbà náà pé kò ní gbà wá, ọ̀kan péré ni mò ń gbé. Àga yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kí i kí n tó bọ́ bàtà. Mo mọ̀ pé àga ni, orí mi ò dàrú. Ìdáwà ló ń ṣe mí, Bàbá, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Gààrí ẹni méjì ni mo ṣì ń wọ̀n.

Lánàá mò ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, ni mo bá rí i pé mo fi atàǹpàkò kan ahọ́n kí n tó ṣí ojú ewé. Ẹ̀yin nìyẹn. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣe akọ̀wé ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn n'Íléṣà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣí káàdì, tí ìyá mi á máa sọ pé ẹ ó lá àìsàn ẹlòmíràn wọlé wá bá òun. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí yín, àní nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí káàdì bá ya, ògì tí ẹ sè kó ki lẹ fi ń lẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé káàdì kan ti sọnù, inú á bí yín. Ẹ ó ní káàdì kì í sọnù, ibi tí kì í ṣe ibùsùn rẹ̀ ló sùn sí, kí wọ́n lọ jí i.

Ẹ mọ iṣẹ́ tèmi. Ọpọlọ ni mò ń kọ́ àwọn tí yóò di dókítà. Bí wọ́n bá gbé ọpọlọ sórí tábìlì níwájú mi, mo lè di ojú kí n fi ìka kan ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará àdúgbò yín n'Íléṣà, níbi tí ẹ ń dá gbé lẹ́yìn ikú ìyá mi, pè mí pé wọ́n bá yín nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, pé ọwọ́ ọ̀tún ò gbé mọ́, ẹnu sì ti wọ́, kò rú mi lójú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì náà sì ni ọ̀rọ̀ ń gbé, ibi kan ṣoṣo ló bàjẹ́ tó fi mú méjèèjì lọ. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò bí ẹni wà ní kíláàsì. Mo tilẹ̀ ya àwòrán fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè.

Mo gbé yín wá sí Òṣogbo. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ láyé, ẹyọ kan ló kù lẹ́nu yín. Ẹ ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ẹ ó wo ojú mi, ẹ ó ní:

“Uwé.”

Ẹnu tó wọ́ ò lè gbé ohùn sókè sódò bó ṣe yẹ. Ohun tí mo gbọ́ ni ìwẹ̀, pé ẹ fẹ́ wẹ̀. Ó sì bá yín mu, nítorí ènìyàn tó mọ́ tónítóní ni yín. Mo gbé omi kaná, mo kó ọṣẹ àti kànrìnkàn, mo wẹ̀ yín. Ẹ tún sọ ọ́ lọ́sàn-án, mo tún gbé omi. Ọjọ́ mìíràn wà tí a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi ń dùn, mo rò pé ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ ni mí. Ẹ ò bá mi jà. Ẹ ó kàn máa wò mí bí mo ṣe ń da omi sí yín lẹ́yìn, nígbà mìíràn omi á sì máa jáde lójú yín. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọṣẹ ni mo rí lójú yín, mo bá fi aṣọ nù ún.

Ibì kan nìyẹn. Ibì kejì burú jù ú lọ. Nígbà tí mo rí i pé ẹ ò ní lè dá gbé mọ́, mo lọ palẹ̀ ilé yín n'Íléṣà mọ́. Páálí kan wà lórí tábìlì tí ẹ ṣubú tì, ẹ ti gé e dọ́gba, ẹ sì ya oòrùn kan sí i bí ìgbà tí ọmọ jéléósinmi bá ń yàwòrán. Mo jù ú nù. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àpótí irin kan jáde, ìwé gígùn-gígùn ló kún inú rẹ̀. Mo ṣí ọ̀kan, mo rí orúkọ ènìyàn, nọ́ńbà káàdì, àti ojú ọ̀nà: yà síbí, kọjá tọ̀hún, béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Àkọtọ́ rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ lójú mi, mo ní ọjọ́ ogbó ti ń ṣe bàbá mi tipẹ́ tí mi ò mọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún ìyá ẹlẹ́pà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Old Garage. Ó ti ń bẹ̀ mí fún bébà. Ẹ̀pà ni wọ́n fi wé, Bàbá, mo sì rà nínú rẹ̀ jẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ lọ, mo ti pẹ́, mò ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ gbé ọwọ́ òsì, ẹ sọ ọ́. Mi ò dúró.

“A ti wẹ̀ lónìí, Bàbá.”

Ẹ yí ojú sí ògiri. Kíláàsì mi ò tíì parí tí ẹni tó máa ń jókòó tì yín fi pè mí. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn, ìyẹn lèmi sọ fún yín.

Lẹ́yìn tí a sin yín, àwọn ará ilé padà sí ibi tí wọ́n ti wá, mo sì ń wá ohun tí yóò máa mú mi pẹ́ níta. Ní yunifásítì wa, wọ́n ní kí àwa olùkọ́ láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bísádé, tó ń kọ́ni nípa ìrìn-àjò afẹ́ ní ìgbèríko, wá bá mi. Ó ní àlejò tó bá wá sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á fẹ́ rin ọ̀nà oko kòkó tí àwọn àgbà ń rìn látijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ń kú bí àwọn àgbà ṣe ń kú. Ó fẹ́ kí a lo àwọn káàdì àtijọ́ nílé ìwòsàn láti mọ abúlé tí àwọn aláìsàn ti ń rìn wá, kí a wá lọ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó kù. Tèmi ni láti wo bí ọpọlọ àgbà ṣe ń pa ọ̀nà mọ́. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tó ká kò bí èso kaṣú, ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ ojú ọ̀nà, ọ̀nà tí a sì ti ń rìn láti kékeré lè ṣẹ́kù, àní bí orúkọ ọmọ ẹni bá ti ń fò lọ. Olùkọ́ kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwádìí wa dà bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà mọ́ iyán. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wò ó: orúkọ, káàdì, ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ yín gan-an ni a fẹ́ ṣe, mi ò sì rántí yín.

A lọ sí Ifẹ̀wàrà. Ní abúlé kan tó wà lẹ́yìn ìlú, a bá ìyá arúgbó kan tó ń sá kòkó. Màmá Òjó ni wọ́n ń pè é. Òjó ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ọkùnrin bàǹtà-banta tí irun rẹ̀ ti ń funfun, àpá iná sì wà lápá rẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí wárápá ti gbé e sínú iná rí. Bísádé bi ìyá náà bóyá wọ́n máa ń lọ sí ilé ìwòsàn n'Íléṣà, bóyá ó ní ìwé kankan tí wọ́n fún un níbẹ̀. Ìyá náà ò wojú wa. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

“Òjó, mú ùwé mi wá.”

Orí ìdúró ni mo wà. Mo jókòó sínú kòkó tí wọ́n sá. Bísádé rò pé oòrùn ló ń pa mí, ó bu omi wá. Omi náà, Bàbá.

Ùwé. Ìwé tí à ń pè ní ìwé l'Óṣogbo, ùwé ni ní ilẹ̀ yín. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Mo mọ̀, àmọ́ èmi náà ni mo rì í mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ti Iléṣà dé, tí ẹ wá mú mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo níbí, níbi tí èmi àti ìyá mi ń gbé? Ẹ dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí, ẹ sì pè mí tayọ̀tayọ̀ pé, “Ulé yá!” Àwọn ọmọ Òṣogbo ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pariwo “Ulé yá” lé mi lórí. Mo sunkún dé ilé, mo ní kí ẹ má sọ èdè yín yẹn mọ́ níbi tí ojú mi bá wà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ọmọ Òṣogbo ni òun náà, ẹ̀yin náà bá wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Òṣogbo. Ẹ ò ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé ó rọ̀ yín lọ́rùn ni. Ẹ mọ ohun tí mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún? Pé nígbà mìíràn, tí ọpọlọ bá fara pa, èdè tí ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Mo máa ń fi í sínú ìdánwò. Ẹni tó bá kùnà rẹ̀, mo máa ń bá a wí.

Òjó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Inú ọ̀rá ni ìwé náà wà, páálí tí òógùn ọwọ́ ti rẹ̀. Ọwọ́ yín ni. Oòrùn kan tó ń yọ, hóró oògùn kan lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn kan tó ń wọ̀, hóró kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà káàdì wà. Mo sọ fún ìyá náà pé èmi ni ọmọ akọ̀wé tó kọ ọ́, pé ẹ ti lọ. Ó fi ọwọ́ tí kòkó ti pa láró di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, ó sunkún díẹ̀, ó wá sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ó ní òun ò mọ̀wé, ẹ̀yin lẹ ya oòrùn fún òun. Ó ní bí páálí bá ti gbó, ẹ̀yin lẹ máa ń tún un kọ, ìgbà tí kòkó bá pọ́n lẹ máa ń wá, àní lẹ́yìn tí ẹ ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà tí ẹ wá gbẹ̀yìn, ẹ rí i pé ẹyọ tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà káàdì ti pa rẹ́, ẹ ní ẹ máa lọ wò ó nínú ìwé yín nílé.

“Bàbá káàdì ní òun ń bọ̀. Kì í purọ́ fún mi.”

Ẹ ò padà wá. Nígbà tí Òjó lọ gba oògùn, kò sí nọ́ńbà tí wọ́n lè fi wá káàdì rẹ̀, wọ́n sì la káàdì tuntun fún un. Dókítà tuntun ò mọ oògùn tó ti ń mú wárápá náà dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tí kò ṣubú fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ń ṣubú. Àpá iná apá rẹ̀ yẹn, tuntun wà lára rẹ̀.

Mo wá mọ ohun tí oòrùn kan ń ṣe lórí tábìlì yín. Ẹ ya ti àárọ̀ tán, ti ìrọ̀lẹ́ ló kù.

Mo lọ sí Old Garage lọ́jọ́ kejì. Ìyá ẹlẹ́pà kúnlẹ̀, ó ní bébà náà ti tán tipẹ́, ó sì bu ẹ̀pà fún mi kí ojú má bàa tì mí. Mo dá a padà fún un. Mo wá gba Iléṣà lọ, sí yàrá káàdì yín. Wọ́n ti fún wa láyè láti wo àwọn káàdì àtijọ́ nítorí ìwádìí. Nọ́ńbà kan ló sọnù nídìí, nítorí náà káàdì mẹ́wàá péré ló lè jẹ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án ló rí, kò sí orúkọ Òjó nínú wọn. Àyè ẹ̀kẹwàá ṣófo. Akọ̀wé náà ní ó ti sọnù. Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: mo ní káàdì kì í sọnù, ó sùn síbòmíràn ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè. A lọ sí ìdí pẹpẹ tí wọ́n ń kó káàdì àwọn tí wọn ò wá mọ́ sí, láàárín àwọn tó ti kú. Òjó wà níbẹ̀.

Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sígun káàdì náà, lẹ́tà kéékèèké: Ulé kejì lẹ́yìn ugi obì. Mo kà á sókè. Ohun tí mo pè ní àkọtọ́ wọ́gọwọ̀gọ nìyẹn. Ẹ ò jáwọ́ nínú èdè yín, ẹ kàn gbé e lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fi yín rẹ́rìn-ín ni. Mo yẹ káàdì mìíràn wò, mo tún rí i. Ulé. Ùlú. Uṣẹ́. Gbogbo pẹpẹ yẹn kún fún ohùn yín. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ka káàdì àwọn ẹni ẹlẹ́ni jáde lẹ́nu, títí akọ̀wé fi ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ tilẹ̀kùn.

Dókítà rí káàdì náà, oògùn àtijọ́ sì ti padà. Mi ò lè sọ fún yín pé Òjó ti dákẹ́ pátápátá, kò tíì pẹ́ tó. Mo gé páálí, mo fi pẹ́ńsùlù ya oòrùn méjèèjì, mo kọ nọ́ńbà sẹ́yìn. Oòrùn mi ò rí roboto bíi tiyín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá Òjó, ó bi mí pé kí ni mo mú wá.

“Ùwé ni, Màmá.”

Ó gbà á. Kò rẹ́rìn-ín. Òjó náà ò rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n, Bàbá, ṣé ìwé yẹn náà lẹ ń bèèrè? Àbí Bíbélì yín ni? Àbí ìwé tí mo kọ sí yín láti yunifásítì, tí ẹ fi ògì lẹ̀ níbi tó ya? Ṣé ẹ ti mọ̀ pé mi ò gbọ́, ni ẹ ṣe ń jẹ́ kí n máa wẹ̀ yín, kí ojú má bàa tì mí? Ìyẹn ló ń dùn mí jù, nítorí ó jọ yín. Kí lẹ rò nígbà tí ẹ kọjú sí ògiri?

Mi ò ní mọ̀ ọ́n. Bísádé ní kí n wá máa jẹun lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Sátidé, mo ní màá gbìyànjú. Tí ilé bá dákẹ́ jù, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ yín díẹ̀díẹ̀ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tíì já gaara lẹ́nu mi. Bí mo bá parí èyí, màá ká a, màá wé e sínú ọ̀rá, màá gbé e wá sí Iléṣà kí n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí sàréè yín níbẹ̀. Ẹ dárí jì mí fún gbogbo omi yẹn. Mi ò gbé omi wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ùwé yín rèé, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ bí, tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó gbọ́.